Aránwèé àti Ìyẹ̀fun Tó Fara Pamọ́

Aránwèé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Orúkọ náà ti da nǹkan rú lọ́pọ̀ ìgbà, torí àlejò tó bá gbọ́ ọ a máa rò pé aránṣọ ni, á sì gbé ṣòkòtò tó ya wá bá a. Ìwé ló ń rán. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò ní ilé iṣẹ́ kékeré kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tún ìwé tó ti já ṣe: ìwé ilé ẹjọ́, ìwé ilé ìkàwé, Bíbélì ìdílé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí. Á fi abẹ́rẹ́ àti òwú so abala rẹ̀ pọ̀, á fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ irin mọ́jú ọjọ́ kejì, ìwé tó ti ń kú lọ á sì tún dìde.

Òun alára ni kò rí ẹni tún un ṣe. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí inú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá jẹun tán, ikùn rẹ̀ á wú bíi ti ẹni tó lóyún oṣù márùn-ún, ìgbẹ́ gbuuru á dé, àárẹ̀ á sì dá a jókòó. Ó rù títí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi ń yí po ní ìdí rẹ̀. Wọ́n ní kòkòrò inú ni. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni. Ẹnì kan tilẹ̀ ní àròjù ni, pé kó máa rẹ́rìn-ín. Dókítà kẹrin ló gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó tún fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí wo inú rẹ̀, tó sì wá mọ ohun tó ń ṣe é. Sílíákì ni wọ́n ń pe àrùn náà.

Dókítà ṣàlàyé pé èròjà kan wà nínú àlìkámà, àti nínú ọkà bálì àti ráì, tó ń jẹ́ gúlúténì. Òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun tí a pò máa fà bíi rọ́bà. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà á sí nǹkan kan. Àmọ́ ara Aránwèé kà á sí ọ̀tá, bó bá sì ti wọlé báyìí, ìjà ti dé, ojú ìfun ni wọ́n sì ti ń jà á. Kò sí ìwòsàn rẹ̀ ju pé kó má jẹ gúlúténì mọ́ títí ayé, bó ti wù kó kéré mọ.

Obìnrin onímọ̀ oúnjẹ tó wà ní ilé ìwòsàn náà ló kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe é. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí búrẹ́dì dẹ́rù bà yín, torí ẹ mọ ojú rẹ̀. Èyí tó pa ojú dà ni kí ẹ máa wá."

Aránwèé bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Ó fi àjákù bébà rán ìwé pélébé kan fún ara rẹ̀, ohunkóhun tó bá kan ẹnu rẹ̀ ló ń kọ síbẹ̀. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, á gbé páálí kọ̀ọ̀kan sún mọ́ imú, á ka àwọn lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè délẹ̀, títí oníṣọ́ọ̀bù fi bẹ̀rẹ̀ sí bu ọlá fún un, tó rò pé ìjọba ló rán an wá. Ó bá gúlúténì nínú èròjà amọ́bẹ̀dùn. Ó bá a nínú sọ́séèjì. Ó bá a nínú oògùn oníhóró tí dókítà kejì fún un kó lè lágbára; ó ti lo oògùn náà fún oṣù mẹ́jọ, ó ń ra agbára, ó ń gbé àìsàn wálé. Ó bá èérún rẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ fi ń yan búrẹ́dì. Ọkọ rẹ̀, oníṣẹ́ iná mànàmáná, kó búrẹ́dì tirẹ̀ jáde pátápátá. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń dúró jẹ ẹ́ láàárọ̀, bí ẹni tó ń fi sìgá pamọ́ fún ìyàwó.

Ó kan Màmá. Màmá ni ìyá ọkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé, òun ló sì ń dáná. Ọgbọ̀n ọdún ló fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé kan kó tó fẹ̀yìn tì, ìkòkò kì í sì í bà á lẹ́rù. Nígbà tí Aránwèé bi í léèrè ohun tó ń kó sínú ọbẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀ fún un, ó wá fi kún un pé òun a máa bu ìyẹ̀fun ṣíbí kan sí i kó lè ki. Ó ní òun ò kà á mọ́ ọn torí ṣíbí kan péré ni. Nígbà tó gbọ́ pé ṣíbí kan yẹn tó dá ìyàwó ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó gbé omi kaná. Lọ́jọ́ náà gan-an ló fọ gbogbo ìkòkò ilé, tó sì da àwọn igi ìrobẹ̀ nù.

Oṣù kan dára. Aránwèé sùn, ó jí, ó tilẹ̀ kọrin nídìí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni inú tún bẹ̀rẹ̀ sí wú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó hàn pé ìjà inú lọ́hùn-ún ti rọlẹ̀ díẹ̀ ni, kò tíì parí. Onímọ̀ oúnjẹ ka ìwé pélébé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó ní gúlúténì ṣì ń ráyè wọlé, pé òun ò mọ ibi tó ń gbà.

Ẹ̀gbọ́n Aránwèé obìnrin pè é lórí fóònù, ó ní kò sí àwámárídìí kankan níbẹ̀. "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ta ló ń se oúnjẹ rẹ?" Aránwèé ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ọwọ́ Màmá nídìí ààrò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ bi ìyá rẹ̀ léèrè ní pálọ̀, ó bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bóyá lóòótọ́ ló ti jáwọ́ nínú ìyẹ̀fun yẹn. Màmá ní òun ti jáwọ́. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Aránwèé wà ní ilé ìdáná, ó gbọ́ ìbéèrè, ó gbọ́ èsì, kò sì sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń dá oúnjẹ tirẹ̀ sè nínú ìkòkò tirẹ̀. Èyí tó ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́, inú àpótí onírin kékeré kan ló ń kó o sí, ó sì ń fi àgádágodo tì í. Màmá rí àgádágodo náà. Ó ń kí i ní o kú iṣẹ́, o kú ilé bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í bá a dápàárá mọ́.

Aránwèé sì ń ṣàìsàn síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń se gbogbo ohun tó ń jẹ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbàgbé àpótí náà sílé. Nígbà tó di nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán, Màmá wọ ilé iṣẹ́ wọn, ó ń mí gúlegúle, àpótí náà wà lábíyá rẹ̀. Kò débẹ̀ rí. Ó gbé e kalẹ̀, ó ní òun ò ṣí i o. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, bàbá arúgbó kan tó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, gbé àga fún un kó fi sinmi ẹsẹ̀. Ojú ti Aránwèé. Ó dúpẹ́, ó sì yára padà sídìí iṣẹ́.

Ìwé ńlá ilé ẹjọ́ kan ló wà níwájú rẹ̀. Á ti búrọ́ọ̀ṣì bọ abọ́ gọ́ọ̀mù, á fi pa ẹ̀yìn abala kan, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó lè lẹ̀ dáadáa, á fi ìka kan náà kan ahọ́n, á sì fi ṣí èyí tó kàn. Màmá jókòó tì í. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣọ́ àwọn ọmọ iléèwé lórí ìlà oúnjẹ nígbà kan. Nígbà tó yá, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ abọ́ gọ́ọ̀mù náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi ìka méjì ra á.

"Kí lẹ fi se eléyìí?"

Aránwèé ní gọ́ọ̀mù ni.

"Mo rí i pé gọ́ọ̀mù ni. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Ọ̀gá ló fèsì láti ìdí irin, ó sì fi yangàn. Ó ní ojúlówó ìyẹ̀fun àlìkámà ni, bí bàbá òun ṣe ń sè é nìyẹn, Aránwèé ló sì ń sè é láràárọ̀ báyìí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sè tó o.

Màmá yíjú sí i. "Ìyàwó mi, ìgbà mélòó lo ti fi ìka yẹn kan ahọ́n látìgbà tí mo ti jókòó?"

Aránwèé wo ìka rẹ̀. Ó ṣì tutù.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó ti ka ẹ̀yìn gbogbo páálí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì rò ó wò rí pé gọ́ọ̀mù lè jẹ́ oúnjẹ. Ìka rẹ̀ kì í ṣe ṣíbí, kò kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tó pe onímọ̀ oúnjẹ, ìyẹn dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó ní òun ti béèrè gbogbo ohun tó ń jẹ, òun ò béèrè ohun tó ń fọwọ́ ṣe. Ó ní kó jáwọ́ lónìí, kó má sì ku ìyẹ̀fun mọ́ rárá, torí eruku rẹ̀ náà ń gba ẹnu wọlé.

Òun àti Màmá jọ rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, kò sì tíì tọrọ àforíjì. Ọjọ́ kejì kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Màmá ń ṣa ìrẹsì ní ilé ìdáná, Aránwèé wọlé, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá, lọ́jọ́ tí ọmọ yín bi yín ní ìbéèrè yẹn, mo gbọ́, mo sì dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Màmá ṣa ìrẹsì fún ìgbà díẹ̀ sí i. "Ìbéèrè ọmọ mi ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ni, mo mọ bó ṣe gọ̀ tó. Ìwọ tí o dákẹ́ ló dùn mí." Ó gbé àwo ìrẹsì náà lé e lọ́wọ́. "Dìde, ilẹ̀ tutù. Bá mi ṣa ìyókù."

Ìṣòro tó kù ni iṣẹ́. Ọ̀gá ò fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n pa gọ́ọ̀mù bàbá òun tì. Ó ní gọ́ọ̀mù inú ike tí wọ́n ń tà máa ń le bí igi, pé ìwé tí wọ́n bá fi lẹ̀ kò ṣeé tú fún àtúnṣe mọ́. Kò purọ́. Màmá ló ní kí wọ́n lọ ìrẹsì kúnná, kí wọ́n fi sè é. Ti àkọ́kọ́ ṣàn bí omi, gbogbo abala jábọ́. Èkejì di kókó, Ọ̀gá sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìkẹta ni Màmá fúnra rẹ̀ dúró tì, ó ń rò ó láìsinmi, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀. Wọ́n fi lẹ ìwé àtijọ́ kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá di èèpo ìwé náà mú, ó gbé e sókè, ó gbọ̀n ọ́n. Kò sí ewé kan tó já. Ó wò ó títí, ó wá ní kí wọ́n gbé àpò ìyẹ̀fun jáde, kí wọ́n sì fọ gbogbo tábìlì.

Kànìnkànìn tútù nínú àwo ni Aránwèé fi ń rin ìka láti ṣí abala báyìí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọwọ́ rẹ̀ fi ń sáré lọ sẹ́nu kó tó gbàgbé ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, dókítà ní ìfun ti ń san. Ó ti sanra díẹ̀, ó sì ní láti lọ ra síkẹ́ẹ̀tì tuntun. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ti tán o. Ọbẹ̀ ilé ọ̀rẹ́ kan ṣì dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì nínú oṣù tó kọjá, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ láti máa bi gbogbo ayé léèrè ohun tí wọ́n fi se oúnjẹ. Ilé búrẹ́dì kan wà lọ́nà ibi iṣẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó o jáde gbígbóná, òdìkejì títì ló ń gbà. Láwọn ọjọ́ míì ó máa ń dúró díẹ̀ lọ́hùn-ún, á fa òórùn náà símú, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.