Ọwọ́ Òsì Samsudeen

Láti kékeré ni Samsudeen ti jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Ní Àgọ́-Àrẹ tí wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ a máa fi ọmọrogùn lù ú lọ́wọ́ bó bá fi òsì bu òkèlè. Nílé kéú, áfáà fi aṣọ so ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́yìn fún odidi ọdún kan, títí ó fi lè fi ọ̀tún kọ̀wé. Ó ń fi ọ̀tún kọ̀wé, ó ń fi ọ̀tún jẹun. Iṣẹ́ yòókù, òsì ló fi ń ṣe é bí kò bá sẹ́ni tó ń wò ó.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Ìyá Adépéjú ni wọ́n ń pè mí. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ ìlera kan ní Ṣakí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú. Samsudeen ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa. Ọdún mẹ́fà ló fi jẹ́ kásúà. Lọ́dọọdún là ń sọ fún un pé lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, lẹ́tà ọ̀hún ò sì dé. Misturat, ìyàwó rẹ̀, ti jáwọ́ nínú bíbi í léèrè.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ká gbé ẹ̀kọ́ wa sórí fóònù, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní Ogbooro àti Ìwéré-Ilé yé gun ọ̀kadà wá sí Ṣakí nítorí ìdálẹ́kọ̀ọ́ wákàtí méjì. Ìwé gbọọrọ tó ń mú oorun kunni ni àwa tó kù kó síbẹ̀. Samsudeen ní tòun á yàtọ̀. Ó ya nọ́ọ̀sì kan àti ọmọ tuntun kan, ó sì mú kí àwòrán náà máa mira. Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ á fi ìka fa abẹ́rẹ́ lọ sára ọmọ. Bó bá gbé e síbi tó yẹ, ọmọ á ké, àmì máàkì á yọ pé ó gbà á. Bó bá ṣì í gbé, iná pupa á tàn, ẹ̀kọ́ ò ní lọ síwájú mọ́. Abẹ́rẹ́ ikọ́ fée ni, èyí tí à ń gún ọmọ tuntun lápá òsì. Ẹ wo apá òsì tiyín, ó ṣeé ṣe kí àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Àwòrán náà kì í ṣe inú ẹ̀kọ́ gan-an ló wà. Ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Samsudeen gbé e sí, ó wá la ojú fèrèsé sínú ẹ̀kọ́, kí gbogbo fóònù lè máa wò ó láti ibẹ̀. Ó ní, “Màmá, bí mo bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan níbí, ó ti yí padà lọ́wọ́ gbogbo wọn nìyẹn.” Mo ní ó káre.

Ọjọ́ tó fi hàn wá, gbogbo ọ́fíìsì pariwo. Ọmọ ń ju ẹsẹ̀! Àfi ìgbà tí mo wo nọ́ọ̀sì dáadáa. Ọwọ́ òsì ló fi di abẹ́rẹ́ mú.

“Samsú! Ta ló ń fọwọ́ òsì tọ́jú ọmọ tuntun? Ìyá wo ló máa gbé ọmọ rẹ̀ fún un?”

“Màmá, ọwọ́ tèmi ni mo wò yà á.”

“Mo mọ̀! Òun náà ni mò ń wí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Yí i padà, jàre.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ki ọwọ́ náà bọ àpò.

Bó bá ní kóun tún un yà, á gbà á tó ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ méjì péré ló sì kù kí ọ̀gá àgbà, tó wà lórí ilé ẹ̀kọ́ wa àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, wá wò ó. Ló bá yí àwòrán náà lódindi, bí ìgbà téèyàn yí aṣọ sódì. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì di ọ̀tún. Apá ọmọ náà di ọ̀tún, ibi tí àmì ti ń yọ sì bá a lọ. Ká ní ọ̀rọ̀ kan wà tí a kọ sára rẹ̀ ni, à bá rí i pé ó yí sódì, ṣùgbọ́n kò sí. Ọ̀gá wò ó, ó yìn ín, ó ní kí wọ́n lọ tẹ lẹ́tà Samsudeen. Èmi náà wò ó, èmi tí mo ti ń gún abẹ́rẹ́ yìí láti ọdún mọ́kànlélógún. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì nìkan ni mo wò.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn alábòójútó lọ sí Ogbooro, wọ́n bá ọmọ mọ́kàndínlógún tí àpá abẹ́rẹ́ wọn wà lápá ọ̀tún. Kò pa wọ́n lára o. Ṣùgbọ́n apá òsì ni gbogbo èèyàn ń wò, ẹni tí kò bá sì rí i níbẹ̀ á ní wọn ò tíì gún ọmọ náà. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ibòmíì ò ka fóònù sí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Òṣìṣẹ́ tuntun ni Àwáwù tó wà ní Ogbooro, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ló sì tẹ̀ lé. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì, wọ́n ní kó wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní lé e.

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé ni mo tó ka èsì rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, “Apá òsì ni mo kọ́kọ́ gbé e sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni fóònù ní mo kùnà.” Mo ṣí ẹ̀kọ́ náà. Yéè! Mo sáré bá Samsudeen. Ó wo àwòrán náà. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi dá ti àkọ́kọ́ padà síbẹ̀, èyí tí mo kọ̀.

Mo ní, “Ó ti tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lẹ́tà rẹ wà lórí tábìlì ọ̀gá, ó kù kó buwọ́ lù ú. Pa ẹnu rẹ mọ́.”

Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó gbé e tẹ̀ lé mi lọ síbi ìpàdé.

Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá, Àwáwù dúró, hìjáàbù rẹ̀ ti rin fún òógùn. Ọ̀gá ṣí ẹ̀kọ́ náà lórí fóònù tirẹ̀, ó fa abẹ́rẹ́ lọ sápá òsì. Ọmọ ké. Àmì yọ.

“Ṣé o rí i? Àbí fóònù ló ń purọ́ mọ́ ọ?”

Àwáwù tẹjú mọ́ ọn. “Ọ̀gá, kì í ṣe báyìí ló wà.” Ó tún wò ó. “Àbí èmi ni mi ò ríran dáadáa, sà.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí.

Samsudeen na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ òsì ni, níwájú ọ̀gá, níwájú gbogbo àgbà, kò sì jọ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Àwáwù ò purọ́. Èmi ni mo yí àwòrán náà sódì, èmi náà ni mo tún un yí láàárọ̀ yìí.” Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi ti tẹ́lẹ̀ hàn wọ́n.

Ọ̀gá ní kí Àwáwù padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú lẹ́tà kan lórí tábìlì, ó tì í sínú àpótí tábìlì náà, ó sì tì í pa. Ibẹ̀ ló ṣì wà títí di òní. Ó wá kọjú sí Samsudeen.

“Ta ló ní kó o yí i?”

“Èmi ni mo yí i, sà.”

Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ọwọ́ mi méjèèjì, tọ̀tún tòsì, wà lórí itan mi, mi ò na ọ̀kankan sókè.