Ohun tí Wọ́n Kọ sí Abẹ́ Àwòrán Ọmọ Mi

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lilburn, bí iná bá ti kú ní apá kan báyìí, èmi ni gbogbo ojú máa ń wá. Pásítọ̀ lè wà lẹ́nu ìwàásù, kí máìkì dákẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu, kó tó mú omi mu, wọ́n ti yíjú sí ibi tí mo jókòó sí. Bọ̀dá Iná ni wọ́n ń pè mí. Wọn ò fi bú mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Dókítà, Lọ́yà àti Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà ló ni ìjókòó iwájú. Èmi, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni tèmi, níbi tí mo ti lè tètè dìde lọ wo àpótí bíréékà. Mo sọ fún ìyàwó mi nígbà kan pé ó ku díẹ̀ kí wọ́n so àga mi mọ́ àkàbà. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe ní Atlanta. Mò ń fa wáyà sínú ilé ìwòsàn, sínú ilé ìtajà, sínú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Mo ní láísẹ́ǹsì, mo ní fáànù tí irinṣẹ́ kún inú rẹ̀, iṣẹ́ yìí náà ni mo sì fi ra ilé wa ní Ellenwood. Mi ò ní ìdí láti máa bínú, síbẹ̀ mò ń bínú. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lórí sáìtì rí á yé e. Ẹnjiníà á dé, akoto rẹ̀ á funfun báláú, á tẹ́ pépà rẹ̀ sílẹ̀, á wá máa bi fọ́ọ̀mánì léèrè nípa iṣẹ́ tí ọwọ́ mi ṣì wà nínú rẹ̀, bíi pé mi ò sí níbẹ̀. Àwa náà kì í ṣe ẹni mímọ́. Kó tó dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ la ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ó ní ó mọ iná nínú ìwé, kó wá fọwọ́ kàn án ká wò ó. Mo ti rí ibi tí ẹnjiníà ti tọ̀nà tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ṣì í pátápátá, mo sì ti rí ibi tí àwa tọ̀nà. Ohun tí mi ò tíì rí ni ọjọ́ tí àwa àti wọn jọ jókòó jẹun ọ̀sán pọ̀ lórí tábìlì kan náà.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ọmọ mi obìnrin di ẹnjiníà. Mi ò bò ó fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹni tí wọ́n á máa yíjú sí bá sọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ pé, ìṣirò kì í yọ ọ́ lẹ́nu, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó parí girama, yunifásítì gbà á láti wá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Mo ra ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwé náà sí láyà, mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń rìn kiri níbi tí kò yẹ kí n dé, kí wọ́n ṣáà lè rí i.

Ìrọ̀lẹ́ kan la ń jẹ ìrẹsì tó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní òun ò lọ sí yunifásítì mọ́. Ó ní òun ti lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ iná, pé wọ́n ti dán òun wò, wọ́n sì ti gba òun. Mo rò pé ó ń ṣeré. Mo ní kó tún un sọ.

"Daddy, iṣẹ́ yín," ló wí. "Iṣẹ́ yín ni mo fẹ́ ṣe."

Bàbá mìíràn ni, orí rẹ̀ ì bá wú. Èmi, ó dùn mí wọ akínyẹmú ara. Mo bi í bóyá kì í rí bí mo ṣe ń di ilẹ̀kùn fáànù mú kí n tó lè na orúnkún. Mo bi í bóyá ó mọ bí òkè àjà ṣe ń rí nínú oṣù Keje ní Georgia, tí òógùn á wọ ojú èèyàn tí kò sì ní ráyè nù ún. Gbogbo ohun tí mo sọ ló ní òun mọ̀. Ó ní òun tún ti rí ojú mi nígbà tí mo bá tẹ bọ́tìnì tí ilé tuntun bá mọ́lẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, pé òun ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára àgbàlagbà mìíràn rí. Mo bá jágbe mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà, ilé wa tutù. Mi ò lé e, mi ò sì gbà fún un. A ń kí ara wa láàárọ̀, ó tán. Ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń lọ ń bọ̀ láàárín wa. Yóò sọ fún mi pé ọmọ náà ò jalè, yóò yíjú sí ọmọ, yóò ní kó ní sùúrù fún bàbá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Sunday àwọn tó ń jáde ní girama ń bọ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń pe àwọn ọmọ náà síwájú nínú gáùnù wọn. Àwòrán ọmọ kọ̀ọ̀kan á yọ lórí sikírìn ńlá, wọ́n á kọ ilé ìwé tó ń lọ àti ohun tó fẹ́ lọ kọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn òbí á dìde níbi tí wọ́n wà, ìjọ á pàtẹ́wọ́, Pásítọ̀ á wá gbé máìkì fún ọmọ kó sọ ohun tó fẹ́ dà. Ọmọ ni wọ́n ń pè síwájú, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé bàbá àti ìyá ló ń ṣe ìdánwò. Àtẹ́wọ́ dókítà yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà ni olórí ètò náà. Ó kàwé ẹnjiníà délẹ̀délẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ya bí iná á ṣe wọ ilé gogoro ló sì wà. N ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ní Stockbridge ni mo sùn sí títí mo fi rí tèmi. Òun ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ ṣe ìdánwò láísẹ́ǹsì, tó jókòó sínú ọkọ̀ títí mo fi jáde. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló fi ohun tí wọ́n máa kọ ránṣẹ́ sí i, pé òun ń lọ kọ́ṣẹ́ iná. Mo mọ̀, mi ò sì dá a dúró. Mo ti pinnu pé tí wọ́n bá dé orí tiwa, màá dìde, màá wo ilẹ̀, màá tún jókòó.

Ní àárọ̀ Sunday náà, sikírìn ò tàn. Wọ́n ní kí Bọ̀dá Iná máa bọ̀. Mo gòkè lọ sí yàrá kékeré tí wọ́n ti ń darí ẹ̀rọ. Ẹnì kan ló ki wáyà ìkòkò kọfí ńlá bọ ojú iná kan náà tí àwọn ẹ̀rọ yòókù wà lórí rẹ̀, bíréékà bá já. Mo yọ ìkòkò kúrò, mo tẹ bíréékà padà. Sikírìn tàn, ojú ọmọ mi ló kọ́kọ́ yọ níbẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ yunifásítì tó ní òun ò lọ, wọ́n sì kọ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n ti wà lẹ́yìn mi.

"Mo bá ọ tún un ṣe," ló wí.

Ó fọhùn jẹ́jẹ́. Ó ní irọ́ kọ́, ṣebí yunifásítì gbà á lóòótọ́, àti pé tí ọmọ náà bá ti fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ sáìtì, á sáré padà síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ lòun fi rò ó. Mo fẹ́ fèsì, ó wá gbé ọwọ́ lé èjìká mi.

"Àbúrò, àwọn èèyàn yìí á máa bi ara wọn pé kí ló ṣe ọmọ rẹ."

Iṣẹ́ tèmi ló ń bú yẹn, kò kàn mọ̀ ni. Ó yẹ kí inú bí mi. Ó yẹ kí n sọ fún ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pé kó pa á rẹ́, kò sì ní gbà á ní àkókò kankan. Ṣùgbọ́n mo tún wo sikírìn náà, ó sì dùn mọ́ mi. Bó ṣe wà nínú ọkàn mi láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Akọrin bẹ̀rẹ̀ orin, Ẹ̀gbọ́n ní ká sọ̀kalẹ̀, mo sì sọ̀kalẹ̀.

Mi ò gbọ́ ìwàásù. Iwájú lọ́hùn-ún ni wọ́n to àwọn ọmọ náà sí, mi ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láì jẹ́ pé gbogbo ìjọ rí mi. Mo mú fóònù, mo kọ ọ̀rọ̀ sí i, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́, mo tún pa á rẹ́. Kí ni màá wí? Pé wọ́n fẹ́ pè ọ́ ní ohun tí o kò jẹ́, mo rí i, mo sì wá jókòó?  Ìyàwó mi fọwọ́ kàn mí, ó bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo ní ara mi yá.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì, àtẹ́wọ́. Kọ̀ǹpútà, àtẹ́wọ́. Wọ́n pe ọmọ mi. Nígbà tí wọ́n ka ohun tó wà lórí sikírìn, ariwo sọ, nítorí obìnrin ni, ẹnjiníà sì ni. Ìyàwó mi dìde, ó wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Èmi náà dìde.

Ọmọ mi yíjú padà wo sikírìn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yíjú sí wa, ojú rẹ̀ sì wá mi kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo rí i pé ó gbà pé èmi ni mo ṣe é. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Pásítọ̀ gbé máìkì fún un, ó bi í pé kí ló fẹ́ dà.

Ọmọ yìí kì í purọ́. Láti kékeré, ó máa ń fi ara rẹ̀ sùn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ṣùgbọ́n àwa náà la tọ́ ọ, a sì kọ́ ọ pé ọmọ kì í já bàbá rẹ̀ nírọ́ lójú àwùjọ. Ó mí sínú.

"Engineer, sir," ló wí.

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti ń jókòó nígbà tí mo rí i pé mo ṣì wà lórí ìdúró, tí mo sì ti ń sọ̀rọ̀. Mi ò ní máìkì, mo ní láti gbóhùn sókè. Mo ní kí Pásítọ̀ jọ̀ọ́, àṣìṣe wà níbẹ̀.

"Oníná ni ọmọ mi fẹ́ dà," ni mo wí. "Bíi tèmi. Òun fúnra rẹ̀ ló yàn án, ó sì yege fún un. Nítorí mi ló ṣe sọ èyí tó sọ yẹn."

 Pásítọ̀ wo Ẹ̀gbọ́n, ó wo èmi, ó wá ní kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún ọmọ oníná wa. Wọ́n pa á. Ó kéré sí ti àkọ́kọ́, ó sì tètè tán. Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà ò yíjú wẹ̀yìn rárá.

Nígbà tí ìsìn parí, mo dúró de Ẹ̀gbọ́n níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Mo pè é. Ó gbé ọwọ́ sókè láì wò mí, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ìyàwó mi ní shift, ó ti gba ibẹ̀ kọjá síbi iṣẹ́, èmi àti ọmọ la jọ wà nínú fáànù. Gáùnù rẹ̀ wà ní orí itan rẹ̀. Irinṣẹ́ ń ró lẹ́yìn wa bí a ṣe ń bọ́ sójú ọ̀nà. 

"Daddy, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

Mo ní rárá, Ẹ̀gbọ́n ni.

"But ẹ ti rí i kí wọ́n tó pè mí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dùn mọ́ yín."

Ojú ọ̀nà ni mo tẹjú mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn mọ́ mi.

Ó rọra ká gáùnù náà, ó tún un ká, ó gbé e padà lé itan.

"I know," ló wí. "That's why I said it. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ 'engineer' lẹ́nu mi, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan."