Kọfí Tí Alága Gbé Sílẹ̀

Ọ̀gá ilé ìwé kan ní ẹ̀yìn ìlú Ṣájà, nítòsí Dùbáì, ló pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé kí n wá tú ẹ́síì kúrò ní kíláàsì àwọn ọmọ rẹ̀, kí n lọ dè é mọ́ yàrá àlejò. Ustaz Sálímù lorúkọ rẹ̀. Oṣù karùn-ún ni, oòrùn ibẹ̀ sì ti ń ta bí ata. Mo rò pé bóyá Lárúbáwá mi ni kò dáa tó, torí ilé kéwú l'Ékòó ni mo ti kọ́ ọ, mi ò kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Mo ní kó tún un wí. Ó tún un wí. Ohun tí mo gbọ́ náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìjọba ṣe ń pín nǹkan níbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990 tí mo ń sọ yìí. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé ìwé kì í dé ọwọ́ ọ̀gá ilé ìwé. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìlú ló ń dì í mú, òun ló sì ń sọ pé ilé ìwé báyìí ni yóò gba ẹ́síì lọ́dún yìí, tọ̀hún yóò gba àga, òmíràn yóò ní sùúrù. Wọn a wo iye ọmọ, wọn a wo bí ilé ṣe gbó tó, ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù ni ohun tí ìgbìmọ̀ wọn bá fi ojú rí lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá. Ilé iṣẹ́ tí mo wà ló ń tún ẹ́síì àwọn ilé ìwé náà ṣe, ìyẹn ni mo fi mọ̀.

Ìgbìmọ̀ ọ̀hún ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ́síì kan ṣoṣo ló sì ń tutù ní gbogbo ilé ìwé Ustaz. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ àwọn yòókù ti kú. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni ọkàn ẹ́síì; bó bá ti lọ, fáànù olówó gọbọi ló kù sára ògiri. Kíláàsì àwọn ọmọ tó kéré jù ni wọ́n fi èyí tó dáa sí, torí ọmọ kan ti dákú níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá nítorí ooru.

"Ustaz," mo ní, "bí ìgbìmọ̀ bá jókòó sínú òtútù, wọn á ní kò sí ohun tó ṣe yín."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọn ò kọ́. "Kí àlejò wọ ilé mi kó máa làágùn? Bàbá mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú àgọ́, èmi á wá ṣe é nínú ilé bíríkì?" Ó nàka sí mi. "Ohun tó o bá rí nílé mi, ilé mi ni kó wà. Kó o sì wá dúró lọ́la, kí ẹ́síì má lọ dójú tì mí."

Mo tú u. Àwọn ọmọ ti lẹ àwòrán agbábọ́ọ̀lù inú ṣingọ́ọ̀mù kún ara rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ họ wọ́n kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀kan lẹ̀ pinpin, mo fi í sílẹ̀.

Lálẹ́, mo rò fún Ẹ̀gbọ́n Déjì, ọmọ Èkó tó máa ń wá ra ọjà ní Deira, àdúgbò ọjà ní Dùbáì, tí á sì fi ṣọwọ́ sílé. Yàrá kan náà la jọ gba bedspace sí, ìyẹn ibùsùn kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi háyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n sọ fún ìgbìmọ̀ yẹn?"

"Mufu, you want make dem cancel your visa? Ọkùnrin yẹn ní kó o panu mọ́, panu mọ́ jàre. Once wọ́n bá ti sit down nínú AC, khalas, wọ́n á ní the school is okay."

"Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "That one pain me o. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn ẹ̀ la ti ń san án. Àmọ́ àwọn ọmọ ló máa san èyí."

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú sípánà mi. Abu Rashid ni alága, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, akọ̀wé méjì sì tẹ̀ lé e. Yàrá tutù nini, tùràrí ń ta sánsán, wọ́n gbé dàbínù kalẹ̀. Ustaz fúnra rẹ̀ ló ń bu kọfí sínú ife kékeré tí kò ní etí. Bó bá ti tó ọ, o kàn máa gbọn ife náà díẹ̀ ni. Àwọn akọ̀wé mu, wọ́n gbọn ife.

"Ilé ìwé yìí mà dáa," ọ̀kan nínú wọn wí, ó sì mú bírò. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ẹ́síì ni Abu Rashid ń wò. Agbábọ́ọ̀lù tó kù sára rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa. Bàbá náà wo sípánà ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, mo sì wo bàtà mi. Ó wá rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, kọfí kún un, kò tọ́ ọ wò.

Àwọn akọ̀wé wo ara wọn. Èmi náà ti pẹ́ tó níbẹ̀ láti mọ ohun tó jẹ́. Lọ́dọ̀ wọn, àlejò tó bá gbé kọfí sílẹ̀ láìmu ní ẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ onílé, ìtìjú ńlá sì ni fún onílé tó bá kọ ẹ̀bẹ̀ náà.

Ojú Ustaz yí padà. "Ẹ mu kọfí yín, Abu Rashid. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, mo ti fún yín."

"Ẹ yá mi ní yàrá yìí fún àwọn ọmọ yín tó kéré jù, títí ìdánwò yóò fi parí. Kí ẹ sì yá èmi ní kíláàsì tiwọn lónìí. Mo fẹ́ jókòó kọ̀wé."

Nígbà náà ló tó gbé ife, tó mu ún.

Àwọn ọmọ tú wọ yàrá àlejò, wọ́n ń fọwọ́ kan ìrọ̀rí. Àwọn àgbà sì lọ jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ibẹ̀ ni Abu Rashid ti tú fáìlì gbogbo ilé ìwé agbègbè náà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ́síì ọdún yẹn. Òógùn ń kán sórí tábìlì.

"Ooru yìí pọ̀, alága," akọ̀wé kan bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ ní ọ́fíìsì."

"Ní ọ́fíìsì, a ó gbàgbé. Yalla, máa kọ ọ́."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó. Mo ti rí ilé gogoro ní Dùbáì tí mo wò títí ọrùn fi dùn mí, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó àgbàlagbà yẹn lórí àga ọmọdé. Kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan. Àṣà tí Ustaz fi bo ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀ náà ló fi ṣí i. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n Déjì, ó gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Jésù! Who teach that man?"

Kí ilé ìwé tó wọlé padà, ẹ́síì tuntun dé, èmi náà ni mo dè wọ́n. Owó ìjọba kò ká gbogbo rẹ̀ ṣá o. Kíláàsì kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn pátápátá tí kò rí gbà.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ustaz tún ránṣẹ́ pè mí. Mo ti mọ ohun tó fẹ́, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi lọ sí yàrá àlejò, mo bá a ní títì. Ohùn ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Mo tẹ̀ lé e dé kíláàsì tí kò ní ẹ́síì yẹn. Wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sáàárín àwọn tábìlì, dàbínù wà nílẹ̀, àwọn ọmọ wà lórí ìjókòó wọn. Ustaz Sálímù dúró láàárín wọn, irùngbọ̀n rẹ̀ rin gbingbin fún òógùn, ó ń bu kọfí fún alága.

"Ẹ káàbọ̀, Abu Rashid," ó ní. "Ibi tó gbóná jù nílé mi rèé."

Abu Rashid gba ife náà. Ó mu ún tán, kò gbọn ọ́n. Ó tún nà án pé kí wọ́n bu òmíràn sí i.