Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Pe Irun Mi Ní Dàda

Ẹ̀yin àbúrò mi, nígbà tí èmi wà lọ́mọdé ní Ajégúnlẹ̀, onídìrí kan wà ní àdúgbò wa tí kì í fi àlùmọ́gàjí kan orí ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Yóò gbé àpótí síwájú yín, yóò jókòó kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé ojú yín, yóò wá máa béèrè. Ìgbà wo lẹ tú irun yín gbẹ̀yìn? Ṣé orí máa ń fọ́ yín? Rílásà tẹ́ ẹ lò, ṣé ó jó yín? Lẹ́yìn náà ni yóò ki ọwọ́ bọ irun, láti iwájú títí dé ìpàkọ́, tí yóò máa fi ìka tẹ awọ orí jẹ́jẹ́. Àwọn tó ń kánjú máa ń ráhùn.

"Madam, na hair I wan barb, no be hospital I come o," ni ẹnìkan wí fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. "Sister, head wey I no know, I no fit cut am."

Mo fẹ́ sọ ohun tí ìbéèrè rẹ̀ ṣe fún mi. Ẹ má bínú bí mo bá ń fa ọ̀rọ̀ gùn; bí mo bá ti rántí ọjọ́ náà, mo máa ń fẹ́ ṣàlàyé ara mi bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Màmá mi kú ní ọdún tí mo parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àìsàn náà kò pẹ́ rárá. Kí ó tó dùbúlẹ̀, ó fi òwú dúdú kó irun mi. Lẹ́yìn tí a sin ín, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ọmọ mùsùlùmí ni wá, ìbòrí kì í kúrò lórí mi, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ tírélà ni bàbá mi, Wharf Road ló ti ń kó ẹrù, kò sì mọ nǹkan kan nípa irun obìnrin. Kò dárúkọ màmá mi mọ́. Èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. Mo rò pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀, bàbá mi á sunkún, mi ò sì mọ ohun tí ọmọ ń ṣe fún bàbá tó ń sunkún.

Mo wá wọlé sí sẹ́kọ́ńdìrì. Òfin ibẹ̀ ni pé gbogbo ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ gé irun mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ìwọlé. Ẹni tí kò bá yọjú, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá mi fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ onídìrí.

Nígbà tí mo ṣí ìbòrí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú sí mi. Irun mi ti lọ́ mọ́ra, ó ti di kókó-kókó. Obìnrin kan tó máa ń ra ẹja wá láti Snake Island ló kọ́kọ́ pariwo.

"Yéè! Dàda rèé! Alájì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án o. Bí wọ́n bá gé e báyẹn, àìsàn ni o!"

Ojú bàbá mi yí padà. "Dàda wà nínú ìdílé wa lóòótọ́," ló wí. "A ní láti mú un lọ sí ìlú wa ni. Àwọn àgbà á se ẹ̀wà, wọ́n á ra ìrèké, wọ́n á pe àwọn ọmọdé jọ, kí wọ́n tó gé e. Ọ̀gá mi ò sì lè fún mi láyè àfi oṣù tó ń bọ̀."

Oṣù tó ń bọ̀! Àyè mi ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ inú mi: ẹ̀rù bà mí, inú mi sì tún dùn. Mo fẹ́ ilé ìwé náà gan-an. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é ní dàda, kò sẹ́ni tó máa tú iṣẹ́ ọwọ́ màmá mi. Mo kàn di ẹnu mi pọ̀.

Onídìrí kò bá wọn pariwo. Ó fa àpótí rẹ̀, ó jókòó. "Alájì, ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́ lórúkọ, ṣé báyìí ni irun rẹ̀ rí?"

"Mi ò rántí. Ìyá rẹ̀ ló mọ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta.

Onídìrí ki ọwọ́ bọ irun mi, ṣùgbọ́n ojú mi ló ń wò. Nígbà tó dé ìpàkọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rọra fa nǹkan dúdú kan síta.

"Òwú rèé. Dàda kì í fi òwú kó ara rẹ̀." Ó tẹ̀ sún mọ́ mi. "Ọmọ mi, ta ló kó o fún ọ?"

"Màmá mi ni."

"Ṣé ó máa ń dùn ọ́ tó bá ń kó o?"

"Rárá, mà. Ọwọ́ rẹ̀ kì í le."

Bàbá mi kọjú sí òde. "Òótọ́ ni," ló wí. "Ọwọ́ rẹ̀ kì í le. Bó bá ń bá mi gé èékánná, oorun ló máa ń gbé mi lọ."

Ó sunkún lóòótọ́, níwájú gbogbo wọn. Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù nìyẹn, kò sì pa ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹlẹ́ja ń sọ pé, "Alájì, ẹ má bínú, ẹnu mi ló yá jù." Onídìrí bi mí bóyá kí òun gé e. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì gé e jẹ́jẹ́. Bí a ṣe ń padà lọ sílé láàárín àwọn tírélà, ọ̀rọ̀ màmá mi ni bàbá mi ń sọ: bó ṣe máa ń bú òun tí òun bá pẹ́ wálé, bí ata ọbẹ̀ rẹ̀ ṣe máa ń há òun lọ́fun. Ní ọjọ́ Ajé, mo wọlé.

Mo ti jáde yunifásítì báyìí, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo ń wá iṣẹ́ kiri Warehouse Road. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí ìgbàlódé kan. Dígí ńlá, àwòrán lára ògiri. Ọmọbìnrin ibẹ̀ kò bi mí ní nǹkan kan ju "Àǹtí, èwo lẹ fẹ́?" lọ, kí n tó mí délẹ̀, ó ti ṣe tán. Irun náà dára. Mi ò dá a lẹ́bi. Èrò ń dúró dè é, ìgbà sì ti yí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irú rẹ̀ ló rí orí mi lọ́jọ́ Sátidé ọjọ́sí, bóyá ì bá gé e kíá, ǹ bá sì ṣì wọ sẹ́kọ́ńdìrì bákan náà. Ṣùgbọ́n èmi àti bàbá mi ì bá padà sílé láì dárúkọ màmá mi.