Ìyàwó Tó Ń Ṣọ́ Ọkàn Aláìsàn

Nínú yàrá òkè, nílé wọn ní Little Elm, ni Ìbílọlá ti ń ṣọ́ ọkàn àwọn aláìsàn tó wà ní ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú Dallas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí ọkàn wọn ṣe ń lù ni ìlà ń sáré lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ìlà ẹnì kan bá dàrú, òun ni yóò pe àwọn nọ́ọ̀sì sí i. Kò gbọdọ̀ dìde lórí àga àyàfi bí Bridget, ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, bá kọ̀wé pé òun ti gba ìṣọ́ náà.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Lójú Màmá, ẹni tó bá wà nílé kò sí níbi iṣẹ́. Nígbà tí Ìbílọlá ti ilẹ̀kùn, ẹkún ni Màmá fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ọláolú, ìyàwó rẹ tìlẹ̀kùn mọ́ mi." Ọláolú bẹ ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀: oúnjẹ ń gbabẹ̀ wọlé, ọmọ ń gbabẹ̀ wọlé, fóònù àwọn àbúrò Màmá ń gbabẹ̀ wọlé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ìlà bàbá aláìsàn kan, ará Oak Cliff, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ bí arìnrìn-àjò tó ti rẹ̀. Ìbílọlá tẹjú mọ́ ọn. Màmá yọjú.

"Ìyàwó, Ìyá Ìjọ ti dé láti Allen. Wá kí wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Àga lo jókòó lé látàárọ̀. Ṣé àga ni wọ́n gbà ọ́ pé kó o máa ṣọ́ ni?"

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, mà. Mò ń bọ̀ láìpẹ́."

"Kí n sọ fún àgbàlagbà pé ìyàwó wa ní kí wọ́n dúró de òun? Ó dáa."

"Ó dáa" yẹn wúwo ju èébú lọ. Ìbílọlá kọ̀wé sí Bridget pé kó bá òun ṣọ́ àwọn aláìsàn náà. Kò dúró gba èsì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ìyá Ìjọ gbọ́wọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà: fún ọmọ, fún ọkọ, fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ta ní í dìde lábẹ́ ọwọ́ àgbà kí àmín ìkẹyìn tó dé?

Nígbà náà ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro lókè. Ìbílọlá ní àmín. Ẹ̀rọ ń han. Ó tún ní àmín. Lẹ́yìn náà ni ó fa orí yọ lábẹ́ ọwọ́ náà, ó sì sáré gun àtẹ̀gùn.

Ìlà bàbá ará Oak Cliff ti nà gbalaja. Fóònù ń dún. Ó gbé e, Bridget ni.

"Ìsinsìnyí ni mo rí ohun tí o kọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ìbílọlá, níbo lo wà?"

Ìbílọlá ń wo ìlà náà bóyá yóò gbéra. Kò gbéra. Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyàwó," ni ó wí jẹ́ẹ́, "àdúrà ò tíì parí."