Iye Tí Wọ́n Dá Lé Dipulọ́ọ̀mù Mi

Òórùn gásóìlì, epo ọkọ̀ ńlá, ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti wọlé. Kó tó kí ẹnikẹ́ni, òórùn náà á ti kí wa ná. Ó ní àwọn kámíọ̀n tó ń kó ẹrù láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Parakou lọ títí dé Malanville lẹ́bàá odò, gbogbo àdúgbò Zongo ló sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ló di bàbá fún wa. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn láàárín àwa ará Ṣábẹ̀ tó wà ní Parakou: ẹni tó bá rí jájẹ jù nínú ẹbí ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mi ò ní ó burú o. Ó tọ́jú wa, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló mọ̀.

Ìgbà kámárádì là ń wí yìí, nígbà tí ìjọba ní kí kálukú máa pe ẹnìkejì rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí rédíò ń fi orin ìjà jí wa láràárọ̀, tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń ro oko ilé ẹ̀kọ́. Ìjọba náà ló fún mi lówó ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí n lọ sí ilẹ̀ òtútù kan tí wọ́n ń bá ṣọ̀rẹ́, kí n lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó jẹ́, nítorí gbogbo ará ilé wa ló rò pé bí wọ́n ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni mo lọ kọ́. Rárá o! Bí a ṣe ń to iṣẹ́ ni wọ́n kọ́ wa: ẹni tó yẹ kó dúró níbí, ẹ̀rọ tó yẹ kó wà lọ́hùn-ún, ohun tó yẹ kó ṣáájú, kí agbára àti àkókò má baà ṣòfò. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, mo rò pé gbogbo ilé-iṣẹ́ òwú tó wà lápá àríwá ló ń retí mi. Mo tilẹ̀ ti yan irú àga tí mo fẹ́ nínú bíúrò mi lọ́kàn. Ọmọdé ló ń ṣe mí.

Mo dé, ìjọba ò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ mọ́. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá, oṣù ń gorí oṣù, wọn ò rí owó gbà. Mo lọ sí ilé-iṣẹ́ òwú kan títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi di ojúlùmọ̀ mi. "Kámárádì, ẹ tún yọjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ló máa ń sọ, ojú á sì ti òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó sílé wa ní àdúgbò Albarika, tí mò ń jẹ oúnjẹ ìyá mi bí ọmọ tí kò tíì lọ ibì kankan rí.

Tó bá jẹ́ pé èmi nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn ni, ǹ bá mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn gan-an ni àbúrò mi obìnrin yege nínú bákì, ìdánwò tó ń ṣílẹ̀kùn yunifásítì. Ó fẹ́ lọ kọ́ ìṣirò ní Kútọnu. Ìyá mi sì ń wá ẹni tí yóò bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní ọjà Arzèkè, nítorí orúnkún ò jẹ́ kó lè dúró pẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè wá jọ sí pálọ̀.

"A ti rán ẹnì kan lọ," ló wí, kò tilẹ̀ wo ojú mi. "Ó lọ, ó dé. Kí ló gbé bọ̀? Ẹ gbé dipulọ́ọ̀mù yẹn lọ sí Arzèkè lọ́la, ká wò ó bóyá a máa rí ẹni tó máa dá iye lé e. Mi ò ní í ṣe irú àṣìṣe yẹn mọ́. Èyí àbúrò yìí, ṣọ́ọ̀bù ló máa jókòó sí."

Àbúrò mi tẹrí ba. Kò sunkún, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fa òwú etí aṣọ rẹ̀ tu. Ó dùn mí wọra pé èmi ni wọ́n fi ṣe ẹgba tí wọ́n fi ń nà án. Mo ní, "Bàbá, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ ní gáréèjì yín. Tí mi ò bá mú nǹkan kan wọlé fún yín, kí ẹ ṣe bí ẹ ti fẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò burú. Wá kọ́ àwọn awakọ̀ mi ní ìwé."

Mo débẹ̀, mo rí ohun tó ń jẹ àkókò wọn. Àwa tí a fẹ́ràn kí á máa bọ̀wọ̀ fágbà, a ti gbé ọ̀wọ̀ náà dé inú kámíọ̀n. Ẹrù oníbàárà tó bá dàgbà jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ dì, torí wọn ò lè ní kí bàbá arúgbó dúró de ọmọdé. Ó wá di pé ẹrù bàbá tó ń gbé ní Ndali, tí kò jìnnà rárá, á wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn alágbàáṣe á sì tú gbogbo ẹrù sílẹ̀ lójú títì kí wọ́n tó rí i fà yọ. Wọ́n á tún un dì, ó di Kandi, wọ́n á tún tú u. Mo ní kí ẹrù tó ń lọ jìnnà jù kọ́kọ́ wọlé. Háà, àwọn àgbà tí ẹrù wọn kò lọ jìnnà fárígá! Wọ́n ní ọmọ tó ti ilẹ̀ òyìnbó dé fẹ́ fi àwọn sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé abẹ́ ẹrù àwọn ọmọ yín ló yẹ kí tiyín wà ni? Òkè pátápátá ni mo fẹ́ gbé e sí." Wọ́n wo ara wọn. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń jà sí i pé tàwọn ni kí a dì kẹ́yìn.

Àwọn kámíọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé. Láàárín àkókò tí wọ́n fi ń lọ lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, wọ́n á ti lọ, wọ́n á ti bọ̀, wọ́n á ti tún gbéra. Mo fọ̀yàyà lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi nígbà tó tún pè wá jọ. Ó mi orí. Ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n làákàyè lásán nìyẹn. Ìyá rẹ náà ní i, kò sì lọ sí ilẹ̀ òtútù kankan."

Orí mi gbóná. Tọ́wọ́ mi bá ṣófo, dipulọ́ọ̀mù ló jẹ̀bi. Tí mo bá mú nǹkan wá, ọpọlọ tí mo bá wáyé ni wọ́n á fi ọpẹ́ fún. Irú òṣùwọ̀n wo nìyẹn? Mo dìde. Mo ní, "Bàbá, mi ò wọ̀n ọ́n fún yín mọ́. Ẹni tí ẹ ń wá fún ṣọ́ọ̀bù ti dé. Èmi ni. Àbúrò mi ń lọ sí Kútọnu."

"Ìwọ? Ẹnjiníà máa wá ta aṣọ ní Arzèkè?" Ó bọ́ fìlà rẹ̀. "O fẹ́ kí gbogbo Parakou fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kò níye lórí. Yẹ̀yẹ́ wo ló wá kù níbẹ̀?"

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ìyá mi ló gba ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti tán." Ó yíjú sí mi. "Tètè jí lọ́la o. A kì í pẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn títí wọ́n fi yí orúkọ ìjọba padà, tí kò sẹ́ni tó ń pe ẹnìkejì ní kámárádì mọ́. Àwọn obìnrin ọjà ò jẹ́ kí n gbádùn. "Ẹnjiníà, ṣé ẹ̀rọ ló ń ká ànkárá yín ni?" Màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ san ti èyí tí wọ́n gbé lọ ná. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí o, kí n má tan yín. Ọjọ́ wà tí mò ń ká aṣọ tí mò ń gbé omijé mì, tí mò ń bi ara mi léèrè bóyá mo ti sin ara mi láàyè.

Àbúrò mi kò di ẹni tí wọ́n ń dárúkọ lórí rédíò. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, owó oṣù rẹ̀ sì máa ń pẹ́ dé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń di ẹrù kámíọ̀n rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ wọn títí ó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì dárúkọ mi sí i lọ́jọ́ kan. Kò sí wàhálà. Nísinsìnyí tí irun mi ti funfun, àwọn òbí ṣì máa ń mú ọmọ wọn wá bá mi, wọ́n á ní, ṣé irú ìwé yẹn ń pa owó? Mo máa ń sọ òótọ́ fún wọn pé mi ò rí owó rẹ̀ jẹ tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá wá bi mí bóyá màá tún kọ́ ọ, màá ní lọ́la, tí wọ́n bá gbà mí. Torí ní pálọ̀ wa, wọ́n jókòó, wọ́n ń dájọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò dé rí. Èmi nìkan ni mo ti ibẹ̀ bọ̀. Tí mi ò bá lọ, ta ni ì bá dá ẹ̀gbọ́n ìyá mi lóhùn nítorí àbúrò mi?