Fọ́tò Kan Ṣoṣo Lójú Ìwé

Gọ́ọ̀mù tí a fi ẹ̀gẹ́ sè máa ń fa aáyán. Kí ẹ tó fi lẹ fọ́tò kankan mọ́ ìwé, ẹ kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí i. A kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Odigbo lọ́dún tí a kọ́kọ́ ṣe ìwé fọ́tò ilé ẹ̀kọ́ wa. Kí táàmù tó parí, aáyán ti jẹ ojú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin.

Ìjọba ológun ló wà nígbà náà, nǹkan sì le. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí mo lẹ̀ pọ̀ ní méjì-méjì ni mo fi ṣe ojú ìwé, páálí bisikíìtì tí mo tọrọ létí títì ní Ore ni mo fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì fi okùn àpò kòkó rán an pọ̀. Ẹ má rò pé mò ń ráhùn o. Ìwé kàlẹ́ńdà lágbára ju ti álíbọ́ọ̀mù lọ.

Àyè ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Lójú tirẹ̀, bí ìwé bá ti wọ́n, ṣe ni kí a kó fọ́tò pọ̀ bí èrò inú mọ́tò.

"Tíṣà, ẹ wo gbogbo funfun yìí! Fọ́tò mẹ́rin ló máa gbà."

"Ó máa gbà á, sà. Ojú ò sì ní rí ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ti ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: yan ohun kan tí ojú yóò kọ́kọ́ bà lé, kí o sì fi àyè sílẹ̀ yí i ká. To àwọn yòókù kí wọ́n gún régé, bí ọmọ ṣe ń tò kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Má lo ju àwọ̀ méjì lọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ń wá àyè lórí ìwé! Ta ló rí àyè lábẹ́ ìjọba yìí?"

Lọ́dún náà, tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ wa dìde níbi ìpàdé kan, ó bi àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ pé kí ló dé tí a fi kọ́ ọmọ ní odindi táàmù kan láìsí ṣọ́ọ̀kì. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló kó àwọn ọmọ sòdí tí wọ́n fi gbin gbogbo ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ó padà sí oko kòkó bàbá rẹ̀.

Nígbà tí àbẹ̀wò ìjọba kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá pè mí.

"Wọ́n á wo ìwé fọ́tò yẹn. Ẹ gé ọ̀gbẹ́ni yẹn kúrò láàárín àwa olùkọ́."

"Ọ̀gbẹ́ni wo, sà?"

"Tíṣà, ẹ má fi mí ṣeré. Mo lọ́mọ tí mò ń tọ́."

Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú; ẹ̀rù ló ń bà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kò lè pa ẹnìkan rẹ́.

Mo mú abẹ, mo gé e. Ìpẹ̀kun ìlà ló dúró sí, nítorí náà fọ́tò àwọn tó kù kò bàjẹ́. Mo wá ṣí ojú ìwé tuntun, mo lẹ òun nìkan mọ́ ọn. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, funfun ló sì yí i ká. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀: "Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Òun ló gbin ọ̀pẹ wa."

Láàárọ̀ ọjọ́ àbẹ̀wò, ọ̀gá rí i. "Ṣebí mo ní kí ẹ gé e kúrò!"

"Mo ti gé e kúrò láàárín yín, sà."

"Ẹ fa ojú ìwé yìí ya!"

"Fọ́tò gómìnà ológun tí ẹ ní kí n lẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, sà. Ṣé kí n fa tiwọn náà ya?"

Ó pa ìwé náà dé, ó jáde lọ pàdé alábẹ̀wò tí ìjọba rán.

Alábẹ̀wò náà ń ṣí ìwé kánkán, àfi nígbà tó dé ibẹ̀. "Ta nìyí?"

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀gá ti sọ̀rọ̀. "Olùkọ́ wa ni, sà."

Ọkùnrin náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣí ìwé síwájú. Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Agbabu. Mo lọ. Mo fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì ọ̀gá, ojú ìwé rẹ̀ pé.